Tú Àpò

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi wọ kòtò èédú ní Zonguldak.
Òkun Dúdú ń bú lókè orí wa,
a kì í gbọ́ ọ.
Lẹ́nu kòtò, láago mẹ́fà ìdájí, Dursun ló ń dúró.
Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni "kí eléyìí dúró";
ìyá rẹ̀ ti sin mẹ́ta kó tó bí i.
"Nazmi, tú àpò."
Mo tú u. Páálí sìgá, ìṣáná,
títí kan ọ̀kan tí mo fi há etí,
ó kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo bisikíìtì tó ti dípẹtà,
ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó dá a padà.
"Gáàsì ò mọ ọ̀rẹ́," ni yóò wí.
"Ìṣáná ẹyọ kan, ogójì opó."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbààwẹ̀ sìgá fún wákàtí mẹ́jọ lójoojúmọ́.
N kò kú. N kò ya wèrè.
Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jáde sí ìmọ́lẹ̀,
kí n tó fọ èédú lójú, kí n tó kí ẹnikẹ́ni,
mo ti tan án.

Nísinsìnyí ọ̀fun mi ni kòtò.
Jẹjẹrẹ jókòó síbẹ̀ bí ayálégbé tí kò sanwó.
Wọ́n rọ ìbòjú oníhò wẹẹrẹ mọ́ mi lójú,
wọ́n dè é mọ́ ibùsùn,
ẹ̀rọ ń kùn yí mi ká.
Ìgbà márùndínlógójì ni gbogbo rẹ̀;
mo ti ka mẹ́sàn-án.

Dókítà ọ̀hún kéré sí àbígbẹ̀yìn mi.
Ó ní, "Bàbá, ìtànṣán ń wá afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ yín kó lè jà.
Kó tó dé, èéfín ti jí i gbé."
Mo mi orí, mo ní mo ti gbọ́.
Mo gba ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ ọsibítù,
mo tan ọ̀kan.
Ó ta mí lọ́fun bí ẹni gbé ẹ̀gún mì.
Mo fà á tán.

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í pa iná sìgá;
ojú ti ń tì mí láti ọdún tí Hacer ti ń sá aṣọ mi lọ́tọ̀.
Ẹ̀rù náà kì í pa á.
Wọ́n ya ẹ̀dọ̀fóró jíjẹrà sára páálí,
mo fi àtàǹpàkò bò ó lójú.

Àṣé Dursun ti gbọ́.
Ní ọjọ́ kẹwàá, òjò ń sẹ̀,
arúgbó ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin
dúró lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù tòun tọ̀pá,
agolo bisikíìtì lábẹ́ abíyá.
Kò kí mi. Kò bèèrè àlàáfíà.
"Nazmi, tú àpò."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́.
"Àgbà, gáàsì wo ló wà níbí?
Èmi nìkan ni mò ń wọlé."
Ó wo Hacer, tó fi ọwọ́ kan di ìwé mi mú,
tó fi ìkejì gbá fúláàsì tíì mọ́yà.
Ó wò ó pẹ́.
"Opó kan," ó ní.
"Mo lè ka ìyẹn náà."

Mo tú àpò.
Èyí tó wà létí mi, òun fúnra rẹ̀ ló fà á yọ.
"Ìgbà wo lo máa dá a padà?"
"Tí o bá jáde."

N kò ní parọ́: ní ọjọ́ kejìlá mo ṣubú.
Mo jẹ́wọ́. Kò sọ̀rọ̀,
ó kan gbọn agolo náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún na ọwọ́.
Lóru àná mo lá àlá èéfín,
mo jí, mo bá ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà láàárín ètè mi.

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́tàdínlógún.
Mo ti mọ iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀: wákàtí mẹ́jọ ni.
Bó bá pé, mo tún wọ òmíràn,
wákàtí mẹ́jọ.
N kò tí ì rí ìmọ́lẹ̀ ẹnu kòtò.
Ẹ má ì tíì fún mi níṣàáná.